Láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwa kì í fi ìrìn àjò ṣeré. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó di ẹrù ní òwúrọ̀, òkú ni ó ń lọ sin, tàbí ìyàwó ni ó ń lọ gbé. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjà ni ó ń lọ ná. Ẹni tí ó bá wí pé òun kàn fẹ́ lọ wo ìlú onílùú, kí òun jẹ oúnjẹ wọn, kí òun sì padà, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò máa wo ojú ara wọn. Ní ilẹ̀ Pólándì, ọ̀dọ́ kan lè gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn ní ìdájí, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Warsaw, kí ó sọ̀ ní Kraków, kí ó wo ààfin àwọn ọba àtijọ́, kí ó jẹun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, kí ó sì padà ní alẹ́. Àwa náà ti ní ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí ènìyàn lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó rí nǹkan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo dá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina ní kùtùkùtù, ó sì gúnlẹ̀ sí Àpápá. N kò mú ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ẹlẹgbẹ́ rìn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó dá rìn ni yóò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé.

Láti ojú omi ni ó yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ rí Àpápá. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tò lẹ́sẹẹsẹ bí ilé alájà mẹ́wàá tí ó dùbúlẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù sókè sì na ọrùn lé wọn lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Iyanrìn dí ẹnu òkun Èkó tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé, ọkọ̀ kéékèèké ni ó ń kó ẹrù gba orí ìgbì. Nígbà tí wọ́n ti to òkúta wọ inú òkun láti dá iyanrìn náà dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èbúté Àpápá ní ọdún 1921, àyè ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ sì parí ní 1926. Ẹ̀pà tí wọ́n tò bí òkè ní Kánò, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń gbé e wá. Ní 1975, ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn fi dúró lójú òkun fún oṣù púpọ̀, sìmẹ́ńtì mìíràn sì di òkúta sínú ọkọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island. Àwọn tírélà tí ń wá kó ẹrù náà di ìyọnu fún ojú títì, ìjọba sì là á sílẹ̀ ní 2021 pé kí olúkúlùkù dúró de ìpè kí ó tó wọ èbúté. Ètò ni wọ́n sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ lọ wò ó bóyá orúkọ ń ro ọmọ.

Mo jẹ àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà, láàárín àwọn tí ń ja ẹrù ní èbúté. Mo bi márùn-ún nínú wọn pé níbo ni ilé wọn wà. Mẹ́rin wí pé Ajégúnlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ kí n ronú. Ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ní etíkun, tí a ń pè ní gígúnlẹ̀, òun náà ni ó wà nínú orúkọ ìlú kejì yìí: ajé gúnlẹ̀. Ní Àpápá ni ajé ń gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Ajégúnlẹ̀ ni ó ń sùn.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá àwọn òpópónà Àpápá tí ó fẹ̀, tí ó ní igi, tí ó sì ní ògiri gíga. Ẹnu ọ̀nà títì ni mo rí jù níbẹ̀. Nígbà tí mo dé Boundary, ayé yí padà. Yorùbá, Ígbò, Ùròbò, Ìjọ̀, Haúsá, Ìlàjẹ, gbogbo wọn ń ná ọjà ní èdè wọn, àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ń han láàárín wọn. N kò ní tàn yín jẹ: gọ́tà kún, omi inú rẹ̀ dúdú, ilé sì fún mọ́ ilé bí eyín. Ṣùgbọ́n lórí pápá kan tí kò ní koríko, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, mo sì dúró wò wọ́n fún wákàtí kan. Àdúgbò yìí ni Odion Ighalo ti dàgbà, ẹni tí ó gbá góòlù 5 wọlé ní ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì ní 2019, tí ẹnikẹ́ni kò gbá jù ú lọ. Ibẹ̀ náà ni Daddy Showkey ti gbé ijó galala jáde.

Ebi wá ń pa mí. Mo béèrè ibi tí oúnjẹ dára sí lọ́wọ́ alátúnṣe bàtà kan, ó sì nà mí sí búkà obìnrin Ùròbò kan. Ohun tí mo jẹ níbẹ̀ ni sítáàṣì, èyí tí wọ́n ń fi ògidì inú ẹ̀gẹ́ àti epo pupa rò lórí iná títí yóò fi pọ́n yòò, tí yóò sì máa fà. Ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní bánńgà ni ó bù sí i, pẹ̀lú ẹja àrọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan ọbẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sítáàṣì yóò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ó ti fẹ́ lẹ̀ mọ́ mi. Ẹ má sì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ẹ gbé e mì. Obìnrin náà dúró tì mí, ó ń kọ́ mi bí mo ti máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan ní Àpápá. Nígbà tí ó gbọ́ pé mo rìnrìn àjò wá wo Ajégúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ń wá a wá, èmi ń fi í pamọ́.” Ó ní Àpápá ni òun kọ sínú ìwé iṣẹ́ òun. Bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá fi mọ́tò gbé e, ó máa ń sọ̀ kí wọ́n tó dé Boundary, yóò sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ó ní bí nǹkan bá sọnù, ojú ará Ajégúnlẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ìwọ tí o ń kàwé yìí, bóyá ìwọ náà ti fi orúkọ àdúgbò kan bú ẹnìkan rí ní kíláàsì. Ìlú tí ó ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin yìí láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kò fẹ́ mọ ibi tí ó ń sùn. Òun ni ó yẹ kí ojú tì, kì í ṣe ọmọ náà. Mo bi í pé bí ẹnìkan bá béèrè ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ńkọ́? Kò dáhùn. Ìyá rẹ̀ ni ó dáhùn láti ìdí ààrò, ó ní, “Sọ fún wọn pé kí wọ́n wá jẹun.”

Ó fi ẹja kejì sí abọ́ mi, kò sì gba owó rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè jí; ní agogo méjì ọ̀sán, ìkòkò rẹ̀ ti ń gbẹ.