Káàdì Tó Ní Ojú Ihò VGA

Àwa mẹ́rin la ni kọ̀ǹpútà kan. Kì í ṣe láptọ́ọ̀pù o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, Dell OptiPlex 7010, irú èyí tó jáde ní ọdún 2012, tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun lò títí ó fi sú wọn, tó wá di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Màmá ọ̀kan nínú wa ló fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì wọn ní Èmùré-Èkìtì. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ká fi kàwé. Mọ́nítọ̀ rẹ̀ bá a wá, mọ́nítọ̀ àtijọ́ tí kò mọ ojú ihò kankan yàtọ̀ sí VGA, aláwọ̀ búlúù tó ní skúrù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Ẹ fi mọ́nítọ̀ yìí sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Ilẹ̀kùn kan la fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà ṣe fún iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tó bá gbé Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìsẹ̀ rí á ti gbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ilé. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògógà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, èyí tí ọba jókòó sí, tí olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Chicago lónìí. Ilẹ̀kùn tí à ń wí ní tirẹ̀ fi bí Ògógà ṣe gba òyìnbó aláṣẹ lálejò hàn: wọ́n ru òyìnbó wá, ọba jókòó, ó ń wò ó bọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ibi àfihàn ńlá tó wáyé ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, kò sì padà wálé mọ́. British Museum ló wà títí dòní. Ìtẹ́ kan ni wọ́n ṣe fún Ògógà ní pàṣípààrọ̀. (Ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ohùn wa kì í ṣọ̀kan lórí rẹ̀.)

Èrò wa ni pé ká ṣe ilẹ̀kùn náà sínú kọ̀ǹpútà lọ́nà tí ọmọ iléèwé ní Ìkẹ́rẹ́ á fi lè yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó gbé iná sí i láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀. Fọ́tò pẹlẹbẹ kò lè ṣe èyí, torí Ọlọ́wẹ̀ kì í fi ère rẹ̀ lẹ̀ mọ́ pákó. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n yọ síta gan-an, kí òjìji wọn sì wọlé sáàárín wọn. Blender ni a fi bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí wọ́n pè ní 3.6 ń ṣí lórí ẹ̀rọ wa, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbẹ́ ère kẹrin tán, bí a bá yí ilẹ̀kùn náà díẹ̀, a lè lọ bu omi mu ká tó padà wá bá a níbi tó dúró sí. Nígbà tí 4.0 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, kò tilẹ̀ dá wa lóhùn. Ó ní ohun tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ wa ti gbó jù.

Òótọ́ ló sọ. Kò sí káàdì àwòrán gidi nínú ẹ̀rọ náà. Intel HD Graphics 2500 tó wà nínú èròjà i5 rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, kò ní àyè ìrántí tirẹ̀, ara RAM ló ti ń yá a. Ó tó fún kíkọ lẹ́tà àti títẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ní Èmùré. Kò tó fún Ọlọ́wẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ àjọ nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ₦36,000. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ọ̀kan nínú wa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì láti lè rí tirẹ̀ san.

A ò fojú burúkú wo ọ̀rọ̀ náà kí owó tó pé. A kàwé. Wáàtì la kọ́kọ́ kà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Power supply tó wà nínú 7010 wa kò ju 275 wáàtì lọ. Èròjà i5-3470 nìkan lè gba 77 nínú rẹ̀. Ojú ihò tí a ó ki káàdì bọ̀ lórí motherboard kò lè fún un ju 75 wáàtì lọ, káàdì tó bá ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ á béèrè wáyà mìíràn láti inú power supply, tiwa kò sì ní irú wáyà bẹ́ẹ̀. A wá rí i pé GTX 1050 Ti, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ń lo 75 wáàtì péré, ó sì ní 4GB tirẹ̀. A ní, ó parí.

A rí ẹnì kan tó ń tà á lórí ayélujára ní ₦36,000, nígbà tí àwọn tó kù ń pe ìlọ́po méjì. Ìyẹn nìkan ti tó kó là wá lójú. Ohun kan ṣoṣo la bi í: ṣé ó ní ojú ihò VGA? Torí mọ́nítọ̀ Màmá. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ojú ihò búlúù rèé, gbangba. A yọ̀. A ní Ọlọ́run ló bá wa ṣe é, pé a ò ní ra mọ́nítọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin tó mọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí.

Ọkọ̀ èrò ló gbé káàdì náà dé. Nígbà tí a tú u, a rí ẹnu kékeré kan létí rẹ̀ tó ń béèrè wáyà oníhò mẹ́fà. A pe ẹ̀gbọ́n tó tà á. “Àwọn kan máa ń ní in,” ni wọ́n wí. Èyí kì í ṣe irọ́, àwọn 1050 Ti kan wà tó ní in lóòótọ́. Wọ́n tún kìlọ̀ pé ká má ṣe fi driver tuntun sí i, pé èyí tí àwọn fi ránṣẹ́ nìkan ló bá a mu. A ra wáyà àyípadà tí a fi gba iná láti ara wáyà hard disk. Ẹ má ṣe dán èyí wò o, iná ti jó ibẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ rí.

A tan ẹ̀rọ. Windows kọ ọ́ gàdàgbà: GTX 1050 Ti, 4GB. A ra àkàrà.

Àmọ́ Blender kò gbà pé òun rí káàdì kankan tó lè bá òun ṣe ìṣirò. A ní bóyá driver ni. Nígbà tó di alẹ́, a ṣí ilẹ̀kùn náà, a yí i, ẹ̀rọ kú fin-ín. A tún un tàn, ó tún kú. Ẹ̀yin ará Èkìtì, kí ni ẹ rò pé a dá lẹ́bi? Iná ni! A ní iná ti lọ sílẹ̀ jù. A lọ bẹ ará yàrá kejì pé kí wọ́n bá wa tan jẹnẹrétọ̀ wọn, kékeré onípẹtiróòlù àti ọ́ìlì yẹn. A ra epo sí i. Ẹ̀rọ náà kú lórí jẹnẹrétọ̀ bó ṣe kú lórí iná ìjọba. Odidi ọjọ́ mẹ́rin la fi bá iná jà, iná ò ṣẹ̀ wá.

Ètò kékeré ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní GPU-Z ló já a. Láti ọdún 2018 ló ti mọ bí a ṣe ń dá ayédèrú káàdì Nvidia mọ̀. Bí a ṣe ṣí i báyìí, ọ̀rọ̀ kan ló kọ ṣáájú orúkọ káàdì náà: FAKE. Ọmọ inú rẹ̀ kì í ṣe ti 1050 Ti rárá. GTS 450 ni, tó jáde ní ọdún 2010, tó ń jẹ 106 wáàtì. Wọ́n kàn tún BIOS inú káàdì náà kọ ni, kó lè máa pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́, kó sì máa ka 1GB ní 4GB. Ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè wáyà. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ driver tuntun. Ìdí tí power supply wa fi ń ké gbàjarè nìyẹn náà.

Èyí tó dùn wá jù ni ti VGA. Láti ìgbà tí Nvidia ti ṣe ìran 1050 Ti ni wọ́n ti yọ irú iná àmì tí VGA ń lò kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Kò sí 1050 Ti tòótọ́ tó ní ojú ihò VGA. Ohun tí a torí rẹ̀ yọ̀ gan-an ni ẹ̀rí tó wà nínú fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n náà kò lọ mọ́.

A jà. A ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó rí ìpolówó náà sọ pé gbogbo wa la jọ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, èyí sì burú ju ariwo lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan nínú wa (a ò ní dárúkọ, ó wà níbi tí a ti ń kọ èyí) ní ká tún un tà. Bí wọ́n ṣe tà á fún wa, Windows á ṣáà kọ ọ́ fún ẹni tó bá rà á náà, owó wa á sì padà. Ẹnu wa kò kọ́kọ́ gbà pé rárá. A ya fọ́tò káàdì náà. Ojú ihò búlúù yẹn hàn dáadáa nínú rẹ̀. A kọ iye owó sí i. Ibi tí a ti fẹ́ kọ “4GB” la dúró sí, tí kálukú ń wo ẹnì kejì. Ẹni tó dá a lábàá fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé a gba Èmùré lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kí Màmá gba ẹ̀rọ wọn padà, ká fi pépà àti fọ́tò ṣe iṣẹ́ wa.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀rọ mi ńkọ́?”

A ròyìn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ṣé wọ́n tàn án lójú yín kí ẹ tó sanwó ni?” A ní rárá, mà. Wọn ò bá wa wí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn fẹ́ ra ẹ̀rọ náà, wákàtí mẹ́ta ni àwọn fi jókòó ti ẹni tó ń tà á, tí àwọn ń tẹ ìwé lórí rẹ̀, tí ọkùnrin náà sì ń fajú ro. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ₦25,000 jáde. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀fẹ́, gbèsè ni.

A fi ₦17,000 kún un. Ibi tí a ti rí i kò ṣe é kọ síbí. A gbé ẹ̀rọ náà lé ẹsẹ̀ nínú takisí láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n wo power supply wa, wọ́n wo ẹnu wáyà mọ́nítọ̀ wa, wọ́n ní ká gbàgbé 1050 Ti. GTX 750 Ti ni wọ́n mú wá, ti oṣù kejì ọdún 2014. 60 wáàtì péré ló ń jẹ, ti ọwọ́ wọn kò béèrè wáyà kankan, 2GB ló ní. Kò ní ojú ihò VGA, DVI-I ló ní, èyí tó ṣì ń gbé iná àmì àtijọ́ yẹn, torí náà àyípadà kékeré kan ti tó fún mọ́nítọ̀ Màmá. Wọ́n kì í bọ̀ ọ́ lójú wa, wọ́n ṣí GPU-Z, wọ́n mú un ṣiṣẹ́ àṣelàágùn fún ìdajì wákàtí. Àwa náà jókòó tì í, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Kò kú. ₦42,000.

Ẹ má retí ìyanu o. Àwòrán kan tí ẹ̀rọ wa ń fi ìṣẹ́jú 41 yà tẹ́lẹ̀, ó ń fi bíi 19 yà á báyìí. Ẹni tó bá ní káàdì òde òní á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n 4.0 ṣí, ilẹ̀kùn náà sì ń yí bí a bá ti fọwọ́ yí i. Lálẹ́ ọjọ́ tí a parí ère Ògógà, a gbé iná sí i láti apá òsì, òjìji ọba sì ṣubú lé òyìnbó tí wọ́n rù wá lórí. A ò tíì rí ìyẹn nínú fọ́tò kankan.

Ó ku ₦9,000 tí a jẹ Màmá. Tẹ́sẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì la ń tẹ̀ láti fi san án. GTS 450 yẹn ṣì wà, a fi okùn gbé e kọ́ sára ògiri, a sì lẹ pépà mọ́ ọn. Orúkọ rẹ̀ gan-an la kọ sí i, àti iye tí a rà á. Bí ọmọ ọdún kìíní bá wọlé wá béèrè pé kí ló dé tí ẹ so irin mọ́ ògiri, a máa ń ní kó kọ́kọ́ wo ojú ihò búlúù yẹn dáadáa.