Rọ́bà ìfọkòkò nínú ilé onílé

Ọ̀rọ̀ kíṣìnì la bá wá lónìí, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ti lé lógún ọdún tí a ti ń gbé ilé tí a háyà ní Sabon Gari. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ohun tí à ń sọ ni pé, "Ṣé ilé wa ni? A máa lọ sílé lọ́jọ́ kan." Ilé tí a kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní síǹkì méjì, ìgbà Kérésì nìkan lomi ń kàn wọ́n. Ibi tí a ti ń jẹun lójoojúmọ́ ńkọ́? Tápù kan ṣoṣo.

Nígbà tí làkúrègbé wá mú ìyá àwọn ọmọ wa lọ́wọ́, kò lè yí ìkòkò ńlá lábẹ́ tápù mọ́. La bá ra rọ́bà ìfọkòkò, èyí tó lórí bíi ṣáwà kékeré. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, omi á jáde. Tó bá jáwọ́, omi á dá. Ìkòkò á jókòó síbì kan. Owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí kan tí à ń fi ránṣẹ́ sílé.

Púlọ́ńbà ti omi láti ẹnu táńkì, ó tú páìpù abẹ́ síǹkì, ó fi ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó ṣeé tì sí i, ó sì wé téèpù funfun sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dè é. Nígbà tó ṣí omi, a fi tíṣù gbígbẹ nu gbogbo oríkèé. Tí tíṣù bá tutù, ó ń jò nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí táńkì yín ga o. Gíga mítà 10 ló ń fún omi lágbára bar 1, torí náà táńkì ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kò lè tì í. Ẹ má fi orí rẹ̀ sílẹ̀ sínú omi ìdọ̀tí. Tí táńkì bá gbẹ, ó lè fa ìdọ̀tí wọ páìpù. Tó bá dalẹ́, ẹ tì í lábẹ́ síǹkì, kí omi má baà máa ti rọ́bà mọ́jú.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lóko náà ń fọ abọ́. Ọjọ́ tí a bá ń kó lọ, sípánà la ó fi tú u, a ó sì gbé e dání. Ọwọ́ tó ń dun ìyá àwọn ọmọ kò lè dúró de ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti ń sún síwájú torí "a máa lọ sílé"?