Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọkùnrin oníṣòwò ọkọ̀ tó wá wo Corolla bàbá mi kò tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi orí bàtà kan ríìmù iwájú, ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí báyìí, ta ni yóò gbà pé wọ́n tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀?" Iye tó dá lé e kò tó ìdajì ohun tí a ń wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sìn ín dé ẹnu géètì.

Òótọ́ ni ó kúkú sọ. Ọkọ̀ ọdún 2005 ni. Ara rẹ̀ ṣì ń dán, nítorí pé bàbá mi kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán pa á, ṣùgbọ́n eruku bíréèkì ti jẹ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú, ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà tó wà lórí wọn sì ń ṣí bí awọ ejò. A kò lè gba ìdajì owó. Ní oṣù kẹsàn-án ni dókítà sọ fún wa pé glaucoma ni ó ń bá ojú Bàbá jà. Àrùn tí kì í pariwo ni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe lè máa ka ìwé ìròyìn geere kí ó má sì rí ẹni tó dúró ti èjìká rẹ̀. Èyí tó bá ti lọ nínú ìríran kò tún ní padà. Ohun tí iṣẹ́ abẹ wà fún ni láti dín ìfúnpá inú ojú kù, kí èyí tó ṣẹ́kù má baà bá èyí tó ti lọ lọ. Bàbá kò lè wakọ̀ mọ́. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, tí mo ń fi ìwé kíkọ jẹ àtọwọ́dẹ́nu, n kò lágbára epo rẹ̀. A ní kí a tà á.

Mo kọ́kọ́ lọ béèrè níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀dà oníyẹ̀fun kun irin. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni ọ̀dà náà lóòótọ́. Wọn a fún un sára ríìmù pẹ̀lú agbára iná mànàmáná kí ó lè lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a sì gbé ríìmù náà sínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí ìyẹ̀fun yóò fi yọ́ tí yóò sì di awọ kan ṣoṣo. Ó le ju ọ̀dà inú agolo lọ, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ táyà kúrò kí wọ́n sì ha ọ̀dà àtijọ́ dànù pátápátá, owó tí wọ́n sì pè fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí mo ń rí lóṣù kan. Àbúrò mi ọkùnrin dámọ̀ràn pé kí a ra ìyẹ̀fun náà kí a lo ààrò tí Màmá fi ń yan kéèkì tà. Mo bi í bóyá òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ kéèkì tó bá tẹ̀lé e, nítorí pé ààrò tí a bá ti yan ọ̀dà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe oúnjẹ mọ́. Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti yàrá ìdáná. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe gba ọjà Àràròmi lọ ní Gate, mo ra àgolo ọ̀dà ìfẹ́ méje: méjì fún ìpìlẹ̀, mẹ́ta aláwọ̀ fàdákà, méjì tó mọ́ gaara bí omi fún ìparí. Mo ra sáńpépà àti ìbòmú tó nípọn. Oṣù kọkànlá ni, òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Àkókò tó dára jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn, nítorí pé ọ̀rinrin ìgbà òjò máa ń mú kí ọ̀dà funfun bí ẹni tó ra eérú sára, ọyẹ́ ní tirẹ̀ a sì da eruku lé e lórí kí ó tó gbẹ.

Sípíà táyà kan ṣoṣo ni a ní, nítorí náà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń bọ́. Mo ń fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo ń fi òkúta há àwọn ẹsẹ̀ yòókù kí ọkọ̀ má baà yí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. N kò bọ́ táyà kúrò lára ríìmù. Káàdì ìpè ìgbéyàwó ni mo fi dí etí rẹ̀: ilé wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò ní wọn lọ́pọ̀ yanturu? Bí ẹ bá fi wọ́n há àárín táyà àti ríìmù yíká, tí wọ́n gun orí ara wọn bí ìyẹ́ ẹja, ọ̀dà kò ní kan rọ́bà rárá. Orúkọ àwọn tọkọtaya tí a ti jẹ ìrẹsì wọn láti ọdún 2010 ni ó yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ká.

Ẹni tó bá ti kun ọ̀dà rí mọ̀ pé kíkùn gan-an ni ó kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Fífọ̀ àti híha ni iṣẹ́. Bàbá gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì di ọ̀gá lé mi lórí. Iṣẹ́ igi ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún un nípa sáńpépà. Òun ni ó ṣàlàyé fún mi pé nọ́ńbà rẹ̀ máa ń tan ènìyàn, pé bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni sáńpépà ń kúnná sí i. Mo fi 120 bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti ń ṣí, mo fi 320 tẹ̀lé e, mo sì fi 600 àti omi parí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé ó ti dán, ó ní, "Àṣàkẹ́, di ojú rẹ. Ọwọ́ ni kí o fi wò ó." Mo di ojú. Ibi tí ó dà bí ẹni pé ó dán lójú mi ṣì rí gbágungbàgun lábẹ́ ìka. Mo tún un ha.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe mẹ́ta. Mo ń gbọn agolo fún ìṣẹ́jú méjì, mo ń fọ́n ọ̀dà láti nǹkan bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25 sí ríìmù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó tún fọ́n òmíràn. Ọ̀kánjúwà ni ó máa ń mú kí ọ̀dà ṣàn bí omijé. Mo jẹ̀bi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì padà sídìí sáńpépà.

Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Táyà yẹn ni ó máa ń rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí fọganáísà àdúgbò wa kò rí ìṣó kankan nínú rẹ̀ rí. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí n lè fọ inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ni mo pe nǹkan wíwú kan tó wà nítòsí etí rẹ̀. Mo fi sáńpépà ha á, ọ̀dà fàdákà ṣí, mo sì rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó náà ni ìlà kan wà, tín-ín-rín bí irun, kò gùn ju ìka mi lọ.

Ríìmù alumíníọ̀mù kì í ṣe irin lásán. Ooru tí wọ́n ń díwọ̀n dáadáa ni wọ́n fi ń mú un le ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, iná wẹ́dà sì lè sọ agbègbè tó bá kàn di rírọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí sísán náà fi máa ń padà wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti jó o. Bí ó bá sán tán lórí eré, kò sí ohun tí ẹni tó di ìdarí mú lè ṣe sí i.

Mo gbé ríìmù náà lọ bá Bàbá bí mo ṣe gbé àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ. N kò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò wá ibi kankan lójú ríìmù, inú lọ́hùn-ún ni ó lọ tààrà, ó sì dúró lórí ìlà yẹn.

"Ẹ ti mọ̀, Bàbá?"

"Mo mọ̀."

Ó pẹ́ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, òun àti Màmá ń ti ibi ìsìnkú bọ̀ láti Ifẹ̀. Ojúmọmọ ni. Màmá ti sùn. "Kòtò náà tóbi, Àṣàkẹ́, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gedegbe. N kò rí i." Ní ọjọ́ kejì ni ó gbé ríìmù náà lọ fún wẹ́dà, ó sì ra ọ̀dà kékeré kan fi bò ó. Ó sọ fún Màmá pé ìṣó ni ó gún táyà.

Mo bínú. Orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn ni ó ti gbé mi lọ sí àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ ní Ṣágámù, lórí ọ̀nà márosẹ̀, pẹ̀lú eré tí mo fi ń gbádùn afẹ́fẹ́. Mo ṣírò gbogbo àwọn tó ti jókòó nínú rẹ̀ láti ìgbà náà, títí dé orí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbínú náà fẹ́ dé ẹnu, ó yé mi pé kì í ṣe ríìmù ni Bàbá fi ọ̀dà bò. Ọdún mẹ́ta kí dókítà tó sọ orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti sọ fún un, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, Ìyá Ìbejì kan tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń bọ̀ wá san owó. Mo ti fi àwòrán ríìmù mẹ́ta ránṣẹ́ sí i, iye tó gbà láti san sì tó iṣẹ́ abẹ náà. Àbúrò mi ní, "Inú lọ́hùn-ún ni ó wà. Ta ni ó ń wo ibẹ̀?" N kò ní purọ́ fún yín: mo kun ún. Mo fọ́n ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì rí bí ìlà náà ṣe wọlẹ̀ lójú mi. Iṣẹ́ mi dára gan-an. Mo sùn, mo jí, mo rántí àwọn tó ń fi irin búra nílé ẹjọ́, mo ní alumíníọ̀mù kì í ṣe irin Ògún, mo tún sùn. N kò sùn dáadáa.

Bàbá ni ó jí mi ní àárọ̀. Ó ní, "Gbé e kúrò lára ọkọ̀. N óò sọ fún obìnrin náà fúnra mi." Mo rán an létí pé Màmá yóò wà níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì dé tòun ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Bàbá dìde dúró láti sọ ọ́, bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. Ó fi ríìmù náà hàn án. Ó sọ ọ̀rọ̀ kòtò, ó sọ ti wẹ́dà, ó sì sọ pé, "Ojú mi ni. Ó ti ń ṣe mí nígbà náà." Ìyá Ìbejì wo àwọn ọmọ rẹ̀, kò wo ríìmù. Màmá kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí jẹ́jẹ́ pé, "Ìṣó ni ẹ pè é," ó sì wọlé lọ.

Mo padà sí Àràròmi lọ ra ríìmù tokunbo kan tó bá àwọn yòókù mu. Mo yẹ inú rẹ̀ wò lójú ẹni tó ń tà á títí ó fi ń fà mí ṣeré, mo kun ún, mo sì fi í sí ipò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán irú èyí wò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà dé ojú ibi tí ríìmù ti ń fara ti ara ọkọ̀, tàbí ihò tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí. Ọ̀dà tó bá nípọn níbẹ̀ yóò fọ́, nọ́ọ̀tì yóò sì dẹ̀. Mo yá sípánà tó ń ka ìwọ̀n lọ́wọ́ mẹkáníìkì wa, nítorí pé 103 lórí òṣùwọ̀n Newton-mita ni Toyota fẹ́ fún nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yìí. Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé bí ó bá ti rin kìlómítà 100, kí ó jẹ́ kí wọ́n tún wọn lọ́. Ó ṣì yọ ₦150,000 kúrò nínú owó, nítorí pé ẹ̀rù ti bà á, n kò sì bá a jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba owó àjọ rẹ̀ dí i, iṣẹ́ abẹ náà fi ọ̀sẹ̀ méjì sún síwájú.

Màmá kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń kán oògùn sí i lójú, ó ń bi í ohun tó rí lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, òun náà sì ń dáhùn lóòótọ́: "N kò rí ìyẹn. N kò rí ìyẹn náà." Ríìmù tó sán ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ní ọ̀dà ìpìlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní. Màmá kò jẹ́ kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Orí rẹ̀ ni ó ń gbé agbada aṣọ lé bí ó bá ń sá aṣọ.