Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Àmì Ọjọ́ Orí Lára Fíìmù ní Rẹ́mọ

Bí ẹ bá wo páálí sídíì fíìmù Yorùbá tó gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ jáde, ẹ ó rí àmì kékeré kan níbẹ̀: 12, 15 tàbí 18. Àjọ NFVCB, tí òfin ìjọba ológun nọ́ńbà 85 ti ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fídíò, ló ń pín fíìmù sí ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ní 18 lára, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wò ó. Àjọ náà ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró sí ẹnu gbogbo ìsọ̀ láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́? Èyí ló mú kí àwa òbí àti olùkọ́ mélòó kan yọ̀ǹda ara wa láti máa ṣọ́ ọ, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa ṣe kòkáárí.

Méjì-méjì ni a máa ń jáde. Ìwé pélébé kan ló máa ń wà lọ́wọ́ wa: ọjọ́, ibi tí a dé, orúkọ fíìmù, àmì tó wà lára rẹ̀, ohun tí a fojú rí. Ó parí. A kì í gba ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a kì í sì í ya fọ́tò ọmọdé. Àwọn tí òfin fún láṣẹ ni a máa ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí.

Ìyẹn rọrùn láti sọ. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, inú ti ń bí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí léèrè ní Sábó, níwájú tábìlì obìnrin kan tó ń ta fíìmù, pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká kàn máa wò ó ni?” Mo ní, “Àbúrò mi, wíwò yẹn gan-an ni iṣẹ́.” Gbogbo owó òwò obìnrin náà ló wà lórí tábìlì yẹn. Nígbà tí a fi sùúrù bi í, ó ní òun rò pé 18 yẹn ni iye apá tí fíìmù náà ní! Kò sì jẹ̀bi púpọ̀, nítorí a mọ bí àwọn onífíìmù wa ṣe fẹ́ràn apá kejì àti apá kẹta tó. Ó kó àwọn tó ní 18 lára sí ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ó wá ń bèèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ọmọ tó bá fẹ́ rà á. Bí a bá ti gbé ọjà rẹ̀ lọ ni, yóò padà wá máa tà á ní kọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Dókítà Shaibu Husseini, ọ̀gá àgbà àjọ náà, kéde ìlànà tuntun tó ka gbígbé ìṣoògùn owó, pípa ènìyàn ṣètùtù àti sìgá mímu lárugẹ nínú fíìmù léèwọ̀. Ìlànà rere ni lójú mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìwé àwọn ènìyàn mi ti kún fún igbá àti epo pupa. Màmá kan láàárín wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kọ “ìṣoògùn” sí fíìmù tí babaláwo ti dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún obìnrin tó ń wá ọmọ. Mo lọ bá wọn nílé ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo ní, “Mà, ta ni wọ́n pa níbẹ̀?” Wọ́n ní kò sẹ́ni tí wọ́n pa, ṣùgbọ́n ẹbọ ni ẹbọ ń jẹ́. A pẹ́ níjòókòó. Mo rán wọn létí Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ́sà nítòsí wa níbí, tó gbé àjẹ́ àti oṣó sójú agbo nínú fíìmù *Ayé* ní ọdún 1979, tí tọmọdé tàgbà sì wò ó. Bí a bá ń fi ojú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí wo fíìmù, kò ní pẹ́ tí a ó fi fẹjọ́ Ifá àti Orò sùn, tí òfin kò sì rán wa níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá tún ìwé náà kọ. Wọn kò gbà fún mi nínú ọkàn wọn, wọ́n sì sọ ọ́ sí mi létí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìwé tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, tiwọn ló gún régé jù.

Ohun tó ń kọ mí lóminú báyìí ni pé sídíì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Orí YouTube ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ń gbà jáde, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní àmì kankan. Orí fóònù ìyá rẹ̀ ni ọmọ ti ń wò ó, lábẹ́ aṣọ ìbora. Ìsọ̀ wo ni a ó wá lọ dúró sí? Àwọn kan nínú wa ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí èyí, n kò sì bá wọn jà.

Àwa tó kù ti ń lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, a sì ń fi han àwọn òbí bí wọ́n ṣe lè tẹ fóònù kí YouTube má baà gbé ohun àgbà wá fún ọmọdé. Bàbá kan bi mí ní ọ̀kan nínú ìpàdé náà pé bí òun bá ti tòun pa, fóònù ọmọ aládùúgbò ńkọ́? Mo ní kí wọ́n lọ bá aládùúgbò náà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní wọn ò kí ara wọn.