Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Ṣọ́ọ̀kì Lẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ni màá gùn débẹ̀. Apẹ̀tẹ́ ni mò ń gbé. Ẹni tó bá ń ti Apẹ̀tẹ́ wá kàwé ní UI mọ bó ṣe ń rí: ọkọ̀ kan dé Ṣàngó, ọkọ̀ kejì dé géètì. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, owó ọkọ̀ gòkè, kò sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Tèmi di ₦600 ní àlọ, ₦600 ní àbọ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ₦1,200 lóòjọ́, ₦6,000 lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo lẹ́kíṣọ̀ Fúráìdè. Kì í ṣe torí ọ̀lẹ o. Wákàtí kan péré ni lẹ́kíṣọ̀ yẹn, owó tí màá sì fi lọ síbẹ̀ ló ń ra ìrẹsì tí màá jẹ ní Sátidé.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà ńbẹ̀. Ìyá tó bí màámi ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Akùfọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, èmi ni mo sì ń gbé oògùn lọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Láti ojú títì wọ abúlé yẹn, ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán ni: yangí níbí, ẹrọ̀fọ̀ lọ́hùn-ún, gbòǹgbò igi tó ta kọjá lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà á bu iye tó bá wù ú, tí òjò bá sì ti rọ̀, kò ní lọ rárá. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá àgbà, wọn kì í jẹ́ kéèyàn padà lọ́wọ́ òfo. Gàrí, iṣu, ẹ̀wà, nígbà míì adìyẹ tó ṣì ń wojú èèyàn. Nítorí náà, ohun tí mò ń wá ni kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó máa sáré lórí ọ̀dà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tí kò sì ní dá mi jókòó sínú igbó ní Sátidé.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni mountain bike. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn kan, iwájú nìkan ni ṣọ́ọ̀kì wà, ẹ̀yìn wọn le gbagidi. Òyìnbó ń pe ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ní hardtail, ìyẹn onídìí líle. Ẹ má rẹ́rìn-ín, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn.

Bàbá tó ń ta tòkunbọ̀ kọ́kọ́ fa èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì méjì jáde fún mi. Ó pupa, ó ń dán, ₦60,000 sì ni. "Ọmọ mi, èyí ni kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọge," ni bàbá wí.

Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Ibo ni màá wá di gàrí mọ́ lára ẹ̀, sà?"

Bàbá wo ìdí kẹ̀kẹ́ náà títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Káríà tá à ń rí rà lọ́jà, ara irin tí kì í mira ni wọ́n ń dè é mọ́. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ pupa yẹn ń lọ sókè sódò ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣọ́ọ̀kì méjì tó bá wọ́n pọ̀ lówó tí kò tó nǹkan, ẹrù lásán ni: ó wúwo, oríkèé ẹ̀yìn ẹ̀ á jẹ tán láìpẹ́, á wá máa dún wọ̀gìwọ̀gì. Àwọn tó dáa gan-an nínú wọn wà o, àmọ́ owó wọn ju owó ilé-ìwé mi lọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n fa onídìí líle kan jáde láti abẹ́ àwọn tó kù. Àwọ̀ búlúù tó ti ṣá, orúkọ ara ẹ̀ ti bó, táyà 26, jíà 21, bíréèkì onírọ́bà, ṣọ́ọ̀kì onísípíríǹgì níwájú. ₦72,000, kò sí ẹ̀dínwó.

Kí n tó kúrò nílé, mo ti ka ìtàn irú kẹ̀kẹ́ yìí, ó sì wúlò fún mi lọ́jọ́ yẹn. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní California lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, máa ń gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gun orí òkè, wọ́n á sì já a wálẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Inú ìdí wíìlì ẹ̀yìn ni bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà. Ní 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n sọ ní Repack, torí pé tí wọ́n bá fi máa dé ìsàlẹ̀, gíríìsì inú bíréèkì á ti jóná, wọ́n á sì ní láti rọ òmíràn sí i. Joe Breeze ló ṣe férémù tiẹ̀ fún irú eré yìí ní 1977. Nígbà tó di 1981, ilé iṣẹ́ Specialized ti ń ta Stumpjumper fún gbogbo ayé. Kò sí ṣọ́ọ̀kì lára èyíkéyìí nínú wọn! 1989 ni RockShox tó gbé ṣọ́ọ̀kì iwájú tiẹ̀ jáde. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ kẹ̀kẹ́ di kẹ̀kẹ́ òkè, ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń gùn ní Marin. Èmi ò bá tiẹ̀ wo ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ náà títí mo fi wo gbogbo nǹkan tó kù tán.

Rúlà ni mo kọ́kọ́ yọ nínú báàgì. Bàbá ní, "Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ ni?" Ṣéènì ni mo fẹ́ wọ̀n. Láti píìnì kan sí èkejì lára ṣéènì kẹ̀kẹ́, ààbọ̀ ínṣì ni, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fi ìbẹ̀rẹ̀ rúlà sí àárín píìnì kan, tẹ́ ẹ wá ka mẹ́rìnlélógún tó tẹ̀ lé e, orí ínṣì 12 gééré ló yẹ kẹ́ ẹ bá a. Tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì kọjá, ṣéènì yẹn ti kú, ó sì ṣeé ṣe kó ti jẹ eyín jíà pẹ̀lú. Èyí tí mo wọ̀n kọjá ní ìdajì ìyẹn. Ìtúmọ̀ ẹ̀ ni pé kí n pààrọ̀ ṣéènì kíá, kó tó ba eyín jẹ́.

Lẹ́yìn náà mo da kẹ̀kẹ́ dojú dé, mo yí wíìlì, mo ń wo bó ṣe ń kọjá láàárín rọ́bà bíréèkì méjèèjì. Ti iwájú tọ́, ti ẹ̀yìn ń jó díẹ̀, àmọ́ sípóòkì nìyẹn, wọ́n á fà á tọ́. Mo tẹ bíréèkì iwájú, mo tì í síwájú sẹ́yìn: kò dún kò. Mo di apá pẹ́dà mú, mo mì ín: kò mì.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni férémù. Alumíníọ̀mù ni. Ẹ gbọ́ o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níbí. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, kì í dípẹtà, gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ férémù irin, tó bá sán, ajórin ẹ̀gbẹ́ títì á jó o pọ̀, ìwọ á sì gùn ún lọ sílé. Alumíníọ̀mù ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jó o yàtọ̀, iná tó bá kàn án sì máa ń gba agbára kúrò lára ẹ̀. Tó bá sán ní Apẹ̀tẹ́, ó ti di ti àwọn tó ń ra páǹtí. Ìdí nìyẹn tí mo fi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, tí mo fi ìka ra gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin, pàápàá lábẹ́ ọrùn kẹ̀kẹ́ níwájú àti yíká ibi tí pẹ́dà wà. Ìlà tó tín-ín-rín bí irun lábẹ́ ọ̀dà ni mò ń wá. N ò rí i. Ẹni tó bá ní irin ni tòun ò ṣẹ̀ mí o, mi ò lè bá a jà.

Ṣéènì tuntun, táyà méjì, rọ́bà bíréèkì, káríà àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦18,000. Àpapọ̀ ₦90,000. Owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Àjọ tí mo dá ni mo fi san án, ẹ má bi mí lórí ohun tí mo jẹ lóṣù yẹn.

Ó yá, orí ọ̀dà. Jíà 21 yẹn, ẹ má jẹ́ kí iye ẹ̀ dẹ́rù bà yín. Mẹ́ta níwájú, méje lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jọra. Òpin méjèèjì lẹ máa wò. Mo ka eyín wọn: èyí tó tóbi jù níwájú ní eyín 42, èyí tó kéré jù ní 24. Lẹ́yìn, èyí tó kéré jù ní 14, èyí tó tóbi jù ní 28. Tí mo bá fi 42 fa 14, ẹsẹ̀ mi yí lẹ́ẹ̀kan, táyà yí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti lọ bíi mítà mẹ́fà. Tí mo bá fi 24 fa 28, n ò lọ tó mítà méjì, àmọ́ ó rọ̀ débi pé mo lè máa gun òkè kí n sì máa kí èèyàn.

Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Lórí ọ̀dà, olè ni. Tí mo bá dìde dúró lórí pẹ́dà láti gun òkè, ńṣe ló ń tẹ̀ wálẹ̀, agbára tó yẹ kó lọ sí táyà á wọnú sípíríǹgì lọ. Kò ní ibi tí wọ́n ti ń tì í pa. Mo kọ́ láti máa jókòó gun òkè. Táyà ló yí ọ̀rọ̀ padà fún mi. Eléyín gbàǹgbà ló bá a wá, ó ń kùn bí oyin lórí ọ̀dà, ó sì ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tí mo fi rọ́pò ẹ̀ dán láàárín, eyín ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo máa ń fún un ní atẹ́gùn dé 45 lórí géèjì fún títì, màá dín in kù sí 30 tí mo bá ń lọ sí abúlé. Táyà tó fẹ̀ tó sì rọ̀ díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú ń pariwo pé òun ń ṣe.

Ẹ wo ẹnu tíúbù kẹ́ ẹ tó sanwó o! Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń ti Yúróòpù bọ̀, ẹnu tíúbù wọn tín-ín-rín, ẹ̀rọ fọkanáísà ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ lè dúró níwájú atẹ́gùn tó pọ̀ tó èyí tó máa kún táyà tírélà, kẹ́ ẹ má sì rí ti kẹ̀kẹ́ gbà. Mo ní kí wọ́n fi tíúbù tí ẹnu ẹ̀ jọ ti ọkọ̀ sí tèmi.

Ogójì ìṣẹ́jú ni láti ilé dé géètì. Ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá ju ìyẹn lọ tẹ́ ẹ bá ka ìgbà tẹ́ ẹ fi dúró dè é. Ohun tí ìṣirò mi ò kà ni ìbẹ̀rù. Láti Ṣàngó dé UI, kò sí ọ̀nà kankan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Micra á ya lójijì torí èrò kan. Tírélà á fọn fèrè sí ẹ létí. Àwọn kan á máa pariwo pé, "Àǹtí, ṣé Olympics là ń lọ?" Ìyẹn ò dùn mí, mo ti máa ń juwọ́ sí wọn báyìí. Màámi ló pè mí lórí fóònù:

"Ṣé kẹ̀kẹ́ ni mo rán ọ lọ gùn ní yunifásítì?"

"Rárá, mà."

"Tí ọkọ̀ bá wá kọlù ọ́ ńkọ́?"

N ò rí èsì kankan fọ̀. Mo ra akoto, mo so iná pupa mọ́ ẹ̀yìn, n kì í gùn ún lẹ́yìn aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Màámi ò tíì gbà síbẹ̀, n ò sì lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọ̀nà tírélà ni tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò ní bá a dá sí i. Ẹni tí gbogbo ọ̀nà tiẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dà tó tẹ́jú, kó ra kẹ̀kẹ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀kì rárá, ó fúyẹ́, kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí ọ̀nà mi jẹ́ méjì ni onídìí líle bá lára mu.

Inú igbó ni mo ti wá rí i pé ṣọ́ọ̀kì náà kì í ṣe òfo pátápátá. Lórí gbòǹgbò àti ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀, ó ń gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ ìjàǹbá. Ọrùn ọwọ́ kì í dùn mí mọ́ tí mo bá dé. Ìdí mi ni kò rí aláàánú. Mo máa ń dìde díẹ̀ lórí pẹ́dà, kí orúnkún jẹ́ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Bíréèkì lẹ máa ṣọ́ra fún. Tí òjò bá ti rin wíìlì, rọ́bà á kọ́kọ́ nu omi kúrò kó tó di nǹkan mú, nítorí náà mo máa ń tètè tẹ̀ ẹ́ kí ìdàgẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bíréèkì onídíìsì ì bá dáa ju èyí lọ nínú òjò, àmọ́ rọ́bà làwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò mi ń tà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún dé abúlé, ìyá àgbà ò wo oògùn tí mo gbé wá. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n yí po. Raleigh ni bàbá àgbà ń gùn nígbà ayé wọn, ẹ̀yìn ẹ̀ ni ìyá sì ń jókòó sí lọ sọ́jà. Wọ́n fọwọ́ tẹ ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ní kí lèyí ń ṣe. Wọ́n fọwọ́ tẹ káríà, wọ́n ní èyí dáa, ó yá, ká lọ sí ojú títì. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára káríà náà sí wọn létí: kìlógíráàmù 25, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ní ta ló wọn àwọn. Gàrí ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀.