Etí Odò La Ti Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Ewu Omi

Ẹni tó bá ń gbé Odoakpu ní Onitsha, kò sí bí kò ṣe ní í mọ Odò Ọya. Ọjà ńlá tó gbé orúkọ ìlú náà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀gbẹ́ odò yẹn ló wà. Apẹja, atukọ̀, àti àwọn tí ń wa yanrìn, gbogbo wọn ló ń jẹun lára omi kan náà. Omi ọ̀hún sì ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí òkè Guinea ló ti ṣẹ̀, ó gba Mali àti Niger kọjá, ó pàdé Odò Benue ní Lokoja, kó tó wá ṣàn gba àárín Onitsha àti Asaba. Gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀ tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Ohun tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò ní í tìtorí ẹnì kan ṣoṣo dúró.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ á jìnnà sí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ló máa ń gbẹ́kẹ̀ lé apá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, apá kọ́ ló ń gbani nínú omi líle. Ohun tí ènìyàn ti ṣe kó tó tẹsẹ̀ bọ omi ló ń gbà á.

Ìtàn odò yìí kan àwa Yorùbá pàápàá. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú ọkọ̀ Dayspring tó gòkè Odò Ọya lọ́dún 1857. Ní oṣù Keje ọdún náà ni òun àti J. C. Taylor fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ìyìn rere lélẹ̀ ní Onitsha. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ọkọ̀ náà ti dé ìtòsí Jebba, níbi tí omi ti ń sáré gba àárín àpáta. Ibẹ̀ ló ti fọ́. Ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ló ń tì í, àwọn tó mọ òkun dunjú ló ń tù ú, síbẹ̀ ìṣàn omi àti òkúta borí wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí agbára omi ṣe ń pọ̀ sí i. Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ara ènìyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré náà bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí odò tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wẹ̀ kọjá ní oṣù Kẹta, nígbà tí omi Onitsha fà, fi lè gbé ọmọkùnrin kan náà lọ ní oṣù Kẹwàá, nígbà tó kún dé góńgó. Apá ọmọ náà kò yí padà. Omi ló yí padà.

Omi kì í sáré bákan náà níbi gbogbo. Àárín odò, lókè, ló ti máa ń yára jù. Bó bá súnmọ́ etí tàbí ìsàlẹ̀, ilẹ̀ á dín eré rẹ̀ kù. Níbi tí odò bá ti tẹ̀ kọ́rọ́, ẹ̀gbẹ́ òde ló ti ń jìn, tó sì ń le. Nídìí òpó afárá Onitsha, ìbáà jẹ́ ti àkọ́kọ́ tí wọ́n parí lọ́dún 1965 tàbí ti èkejì tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023, omi a máa yí po, a sì máa gbẹ́ ilẹ̀ jáde. Èyí tó burú jù ni igi tó wó sómi: omi á gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, ènìyàn kò ní í lè kọjá, ìṣàn á sì tì í mọ́ ibẹ̀. Àwọ̀n apẹja tó já náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ irú omi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dì mú. Lọ́dún 1943 ni Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ tó jẹ́ kí òmùwẹ̀ lè gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, kó sì máa mí nísàlẹ̀ omi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sà Èkó títí di òní, àwọn kan wà tí ń mòòkùn láìsí sìlíńdà, tí wọ́n ń fi garawa kó yanrìn nísàlẹ̀. Wọ́n á ti àtẹ̀gùn onígi bọ omi lára ọkọ̀, wọ́n á sì dì í mú lọ, dì í mú bọ̀. Ẹni tó gbé sìlíńdà náà kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó ń ṣàn láìdi nǹkan mú. Okùn tí a so mọ́ ìdákọ̀ró ni tirẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ dúró létí odò, á ju igi kékeré sómi, á wo bó ṣe ń sáré àti ibi tó forí lé. Òmùwẹ̀ tó gbé sìlíńdà kì í lè wẹ̀ pẹ́ ní eré tó ju nǹkan bíi kìlómítà méjì ní wákàtí kan lọ. Ìrìn gbẹ̀fẹ́ lórí ilẹ̀ yára jù bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ń sáré ju èyí lọ, á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bó bá ṣeé wọ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé e á dúró sí ìsàlẹ̀ odò, nítorí ibẹ̀ ni ìṣàn yóò gbé e lọ. Á mú ọ̀bẹ dání nítorí àwọ̀n. Ìgbànú òjé tó fi ń rì gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọwọ́ kan tú. Á pín afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kẹta fún ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Kò sì ní í fi kókó tí kò ṣeé tú kíákíá so okùn mọ́ ara rẹ̀, torí ìṣàn lè fi okùn náà tẹ̀ ẹ́ rì. Nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ bíi ti Odò Ọya, ènìyàn lè má rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí kò bá ti mọ ipò rẹ̀ kó tó wọ omi, kò ní í rí i wá mọ́.

Bí omi bá gbé ọ, ọmọ mi, má ṣe dojú kọ ọ́ jà. Fi ẹ̀yìn lé omi, kí ẹsẹ̀ rẹ ṣíwájú síbi tí omi ń lọ, kí ẹsẹ̀ lè kọ́kọ́ kan òkúta dípò orí. Máa wẹ̀ ní ìdágẹ̀rẹ́ lọ sí etí. Bó o bá rí igi tó wó níwájú, yí padà, kó o fi gbogbo agbára yẹ̀ ẹ́. Má sì tètè dìde dúró nínú omi tó ń sáré. Ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, kí ìṣàn sì dà ọ́ dé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé lójú òkun nítòsí Escravos. Harrison Okene, tí ń dáná nínú rẹ̀, há sísàlẹ̀ omi ní nǹkan bí 30 mítà, ó ń mí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù nínú yàrá kan fún nǹkan bíi wákàtí 60. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá kó. Alààyè ni wọ́n bá. Wọn kò kàn fà á jáde, nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti òkè, afẹ́fẹ́ sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Inú yàrá irin ni wọ́n gbé e sí, tí wọ́n fi ọjọ́ mélòó kan dín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀. Okene yè, òun náà sì padà di òmùwẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àmọ́ yàrá irin náà àti àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà láàyè.

Ẹ wá wo Ogbaru, ìsàlẹ̀ Onitsha. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà ẹ̀kún omi tó pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ọkọ̀ kan tí wọ́n ní ó kó ènìyàn 85 dojú dé níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kéde pé 76 ló kú. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rántí iye yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ ti dojú dé lójú ẹ̀kún omi, ìwọ̀nba ni ohun tí òmùwẹ̀ tó mọṣẹ́ jù lè ṣe.

Àjọ tí ń mójú tó ojú omi abẹ́lé, NIWA, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lokoja, kò gba kí ọkọ̀ rìn lóru, ó sì ní kí gbogbo èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Òfin wà, etí odò la ti ń rú u. Ẹni tó ń kánjú ń sọ pé àyè ṣì kù, èrò ń tijú láti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ́ kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ pe òun ní ojo.

Ẹni tó bá dúró létí odò, tó wo omi, tó ní kì í ṣe òní, kì í ṣe ojo. Ẹ jẹ́ ká máa yẹ́ ẹ sí bí a ti ń yẹ́ ẹni tó yọ ènìyàn nínú omi sí, nítorí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, tirẹ̀ ló sì yá.