Ta Ni Lọ́yà Onígángan?

Ní Mowé àti Ìbafò, ẹni tó bá fẹ́ ra àbọ̀ pulọ́ọ̀tì lásán yóò gbọ́ ọ létí: "Ṣé lọ́yà ti bá ẹ wo ìwé ẹ̀?" Ìyá tó ń ta búrẹ́dì létí títì márosẹ̀ pàápàá mọ̀ pé rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí sọ́fè. Ọmọ ìyá yìí kan náà yóò wọ sítúdíò, yóò kọrin fún ẹni tó gbé owó kalẹ̀, yóò sì jáde láìmú bébà kankan dání. Kí ló dé tí ilẹ̀ fi ní lọ́yà, tí orin ò ní? Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ n sinmi.

Mo kọ́kọ́ rò pé kóòtù tó jìnnà ló fà á. Abala 251 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa gbé ẹ̀tọ́ ẹni lórí orin tó ṣe lé Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n jí orin rẹ̀ ní Mowé yóò forí lé Abẹ́òkúta, wọn á sì máa sún ẹjọ́ síwájú. Sunny Ade olórin jùjú ní agbára irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1974, òun àti African Songs, iléeṣẹ́ Olóyè Bọ́lárìnwá Abíọ́rò ará Ìpókíá, fa ọ̀rọ̀ àdéhùn wọn dé kóòtù. Lẹ́yìn náà ló dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ tí mo bá ti ronú dé ibẹ̀, bàbá onígángan kan ládùúgbò wa ní Ifọ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ó lu gángan nínú àwo olórin jùjú kan. Níbi ìnáwó, tí àwo náà bá ti dé ibi tí gángan ti ń dá sọ̀rọ̀, bàbá á dákẹ́, á máa fi ìka lu itan. Àwa ọmọdé á pariwo pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ yẹn!" A yí páálí àwo náà wò: orúkọ ọ̀gá wà níbẹ̀, ti iléeṣẹ́ wà níbẹ̀, ti bàbá ò sí. Owó alẹ́ ọjọ́ kan ló gbà.

Orin kúkú ní lọ́yà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí ni lọ́yà ń bá ṣe é. Kì í sì í ṣe pé òfin gbàgbé onílù: òfin kọ́píráìtì ti 1988 fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó bá ṣe; èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023 fi kún un pé ó lè ní kí wọ́n dárúkọ òun. Òfin wà. Ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn onílù, tí yóò sọ fún un pé ó ní ẹjọ́ lọ́wọ́, ni ò sí.

Wọ́n á ní kò sí ìwé. Ẹ̀rí ni kóòtù ń béèrè, àwọn àgbà Ifọ̀ tó mọ ọwọ́ bàbá lára gángan sì lè dìde jẹ́rìí. Òfin iṣẹ́ lọ́yà gbà wọ́n láyè láti yọ owó wọn lára ohun tí ẹjọ́ bá mú wọlé. Irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá, kó tètè dé Ifọ̀.